Ta ló ń kó iṣan ẹ̀jẹ̀ níjàánu nínú ọlẹ̀?

TíṣàBáyọ́lọ́jì:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìbéèrè ọmọ SS2 kan ló gbé mi wá. A lu ihò kékeré sára ẹyin tí adìyẹ ti sàba lé fún ọjọ́ mẹ́ta, kí àwọn ọmọ kíláàsì lè fojú ara wọn rí bí ọlẹ̀ ṣe ń di ẹ̀dá. Ọkàn rẹ̀ kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ó sì ti ń lù. Iṣan pupa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti tàn sórí pupa ẹyin, wọ́n ya, wọ́n tún ya, títí wọ́n fi dé etí kan tó yí wọn po bí òrùka, wọn ò sì kọjá ibẹ̀. Gbogbo kíláàsì ń pariwo. Ọmọbìnrin kan tó ti dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ló wá bi mí pé: "Sà, kí ló ń sọ fún wọn pé ó tó?"

Ohun tó ń mú iṣan hù, mo ti ń kọ́ wọn tipẹ́. VEGF ni wọ́n ń pe purotéènì náà. Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló yọ ọ́ sọ́tọ̀ tí wọ́n sì mọ jíìnì rẹ̀ ní 1989. Bí ọ́síjìn kò bá dé ọ̀dọ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n á tú VEGF síta, sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú iṣan á gbọ́, á sì máa nà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdádúró ńkọ́? Mo lọ kàwé, ohun tí mo bá pàdé sì jọ mí lójú gan-an.

Ní 1995, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature gbé ìwádìí méjì jáde tó tẹ̀ lé ara wọn nínú ẹ̀dà kan náà. Janet Rossant ti Toronto ní Kánádà wà nínú méjèèjì. VEGF ní olùgbà méjì, ìyẹn purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń gbọ́ ọ, lára sẹ́ẹ̀lì iṣan: Flk-1 àti Flt-1. Wọ́n yọ jíìnì Flk-1 kúrò lára àwọn eku kan. Ọlẹ̀ wọn kò ní iṣan, kò ní ẹ̀jẹ̀, ó kú sínú ìyá. Ìyẹn kò ṣòro láti gbà. Wọ́n wá yọ Flt-1 kúrò lára àwọn eku mìíràn. Ẹnikẹ́ni á ní bákan náà ni yóò rí. Ó tì o. Ńṣe ni sẹ́ẹ̀lì iṣan pọ̀ jù, wọ́n kún inú ibi tó yẹ kó ṣófo fún ẹ̀jẹ̀ láti gbà kọjá, iṣan ò rí bí iṣan mọ́. Àwọn náà kú ní nǹkan bí ọjọ́ 9, bẹ́ẹ̀ oyún eku tó bí ọjọ́ 20.

Flt-1 yìí ni ìjánu. Ó ń di VEGF mú tó ìlọ́po 10 bí Flk-1 ṣe ń dì í mú, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tó gbà fún sẹ́ẹ̀lì. Ní 1998, ẹgbẹ́ Masabumi Shibuya ní Tokyo gé apá tí Flt-1 fi ń ránṣẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì kúrò, wọ́n fi apá tó ń di VEGF mú sílẹ̀. Àwọn eku yẹn yè, wọ́n sì dàgbà. Ìyẹn ni pé dídi VEGF mú gan-an ni iṣẹ́ tí ọlẹ̀ nílò lọ́wọ́ rẹ̀. Irú Flt-1 kan sì tún wà tí kì í dúró sára sẹ́ẹ̀lì rárá. Sẹ́ẹ̀lì á tú u síta, á máa rìn nínú omi ara, á máa gbá VEGF mú níbi tó bá ti bá a. sFlt-1 ni wọ́n ń pe ìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ, ẹ bá mi dá sí i.

ẸnjiníàṢàgámù:
Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Nǹkan kan ò yé mi. Bí VEGF bá pọ̀ jù, kí ló dé tí ara ò kàn dín in kù láti ibi tó ti ń ṣe é? Ẹni tó bá ra páǹpù tó lágbára ju omi tó fẹ́ lọ, tó wá lọ ra fáàfù láti fi dín in kù, a máa ní kò ṣírò iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni. Ìnáwó ẹ̀ẹ̀mejì ni mo rí níbẹ̀.

Agbẹ̀bíÌlọrin:
Ẹ jọ̀ọ́ Tíṣà, ṣé sFlt-1 tí ẹ dárúkọ yìí ni èyí tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru? Mo gbọ́ orúkọ rẹ̀ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan, wọn ò sọ ibi tó ti wá fún wa.

TíṣàBáyọ́lọ́jì:
Òun gan-an ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ o, ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.

OníwàdìíẸja:
Ẹ̀gbọ́n Ẹnjiníà, ìbéèrè yín lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Iṣan inú ọlẹ̀ ẹja ni mo ń wò lójoojúmọ́ ní yàrá ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a mọ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, VEGF kò ṣeé dín kù bí ẹ ṣe rò. Ẹ̀dà jíìnì rẹ̀ méjì ni eku kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ní 1996, ẹgbẹ́ Peter Carmeliet ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ́mù, àti ẹgbẹ́ Ferrara ní Amẹ́ríkà yọ ẹ̀dà kan péré, wọ́n fi èkejì sílẹ̀. Ọlẹ̀ náà kú ní nǹkan bí ọjọ́ 11 sí 12. Ọ̀pọ̀ jíìnì ló wà tí ẹ lè yọ ẹ̀dà kan nínú wọn tí eku ò ní mọ̀ pé nǹkan kan sọnù, ó máa dàgbà, ó máa bímọ. Ti VEGF kò gba ìyẹn. Bí ẹ bá dín in kù láti orísun, ẹ ti pa ọmọ nìyẹn.

Èkejì ni mo fẹ́ràn jù. Kì í ṣe iye VEGF nìkan ni ọlẹ̀ ń wá, ó ń wá ojú ọ̀nà. Iṣan tuntun gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa dojú kọ. Ní 2009, ẹgbẹ́ Victoria Bautch ní North Carolina fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́tùn-ún lósì ibi tí iṣan tuntun ti fẹ́ hù ló ń tú sFlt-1 síta. Wọ́n á gba VEGF ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò nílẹ̀, á wá ku ti iwájú nìkan. Iṣan tuntun á fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, á lọ tààrà. Níbi tí sFlt-1 kò bá sí, á wọ́, á padà lọ lẹ̀ mọ́ ara iṣan tó ti jáde wá. Nítorí náà, fáàfù tí ẹ ń wí yẹn kò sí lẹ́nu páǹpù, ẹ̀bá ọ̀nà ló wà, òun ló sì ń la ọ̀nà.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ó pẹ̀lú mi. Ọlẹ̀ zebrafish, ẹja kékeré onílà tí mo ń lò, mọ́ gaara, ẹ lè ríran la ara rẹ̀ kọjá. Láti 2002 ni Nathan Lawson àti Brant Weinstein ti ṣe irú èyí tí sẹ́ẹ̀lì iṣan rẹ̀ máa ń tàn ní àwọ̀ ewéko lábẹ́ máíkíróskóòpù. Bí ọlẹ̀ bá pé bíi wákàtí 24, ẹ ó rí iṣan ńlá kan tó gba gbogbo gígùn ara rẹ̀, lára rẹ̀ sì ni àwọn iṣan wẹ́wẹ́ ti ń gòkè. Ara ẹja ọ̀hún pín sí ìdì ẹran ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, àárín ìdì kan sí èkejì ni iṣan kọ̀ọ̀kan ń gbà. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣíwájú ní ẹ̀ka tíntín púpọ̀ lórí, tó ń nà jáde, tó ń wọlé padà, tó ń fọwọ́ kan ibí, tó ń fọwọ́ kan ọ̀hún. Ó máa ń kan ìdì ẹran. Kì í wọ ibẹ̀.

Nínú ẹja tí jíìnì PlexinD1 rẹ̀ bá bàjẹ́, ó máa ń wọ ibẹ̀. Jesús Torres-Vázquez àti Weinstein ló ṣàlàyé ìyẹn ní 2004. Ìdì ẹran ń tú purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní Semaphorin, èyí tó ń lé iṣan sẹ́yìn; PlexinD1 ni iṣan fi ń mọ̀ pé wọ́n ń lé òun. Tí kò bá mọ̀, á hù jáde níbi tí kò yẹ, á wọ inú ẹran, àwòrán tó tò lẹ́sẹẹsẹ yẹn á dàrú pátápátá. Ní 2011, wọ́n tún rí i pé PlexinD1 yìí kan náà ló ń jẹ́ kí iṣan ní sFlt-1 tó pọ̀ tó. Ìjánu kan ń mú ìkejì le.

Ẹ̀kẹta ni purotéènì kan tó ń jẹ́ Dll4, kò sì ṣeé fò. Bí VEGF bá dé, gbogbo sẹ́ẹ̀lì tó wà níbẹ̀ ló máa gbọ́. Bí gbogbo wọn bá gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iṣan tí wọ́n ti wà tẹ́lẹ̀ ti tú nìyẹn. Èyí tó bá gbọ́ jù yóò gbé Dll4 jáde sí ara rẹ̀. Dll4 á kan Notch, olùgbà kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ á sì dín olùgbà VEGF tirẹ̀ kù. Ọ̀kan á ṣíwájú, èkejì á dúró, òun ni yóò máa ṣe ihò tí ẹ̀jẹ̀ máa gbà. Ní 2007, ẹgbẹ́ ìwádìí bíi mélòó kan rí èyí nínú ẹyinjú eku, àwa tí a ń lo zebrafish náà sì rí i. Bí ẹ bá yọ ẹ̀dà kan péré nínú jíìnì Dll4, ọ̀pọ̀ ọlẹ̀ eku ló máa kú, gẹ́gẹ́ bí ti VEGF. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé ìdádúró kì í ṣe àfikún tí ara wá fi kún iṣẹ́ lẹ́yìn. Àárín iṣẹ́ gan-an ló wà.

ẸnjiníàṢàgámù:
Ó yé mi wàyí, ẹ ṣeun. Ẹ̀bá ọ̀nà, kì í ṣe ẹnu páǹpù. Ìbéèrè kan ló kù, ti ara mi sì ni. Àtọ̀gbẹ ti dààmú ẹsẹ̀ ìyá mi, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn mọ́. Bí wọ́n bá dí Dll4, tí iṣan sì pọ̀, ṣé kò ní ran irú wọn lọ́wọ́?

OníwàdìíẸja:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ọlọ́run á fún Mama ní àlàáfíà.

Ó dùn mí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣan á pọ̀ lóòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ni kò ní gba inú wọn kọjá. Ní 2006, ilé-iṣẹ́ méjì ní Amẹ́ríkà, Regeneron àti Genentech, dí Dll4 nínú kókó jẹjẹrẹ lára eku. Iṣan inú kókó náà pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ kókó náà kò dàgbà mọ́, torí pé ọ́síjìn kò dé inú rẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Iṣan pọ̀, ebi ń pa kókó. Àwọn kan rò pé oògùn ti dé. Ní 2010 ni wọ́n wá rí i pé bí ẹranko bá pẹ́ lórí oògùn tó ń dí Dll4, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa ń yí padà, kókó tó hù láti ara iṣan fúnra rẹ̀ sì máa ń jáde.

Fún Mama, kí ṣúgà wọn wà níwọ̀n, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ lásán rìn, kí ẹnì kan máa bá wọn wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ ìka lójoojúmọ́. Egbò kékeré tí wọn ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ló ń di ńlá.

TíṣàBáyọ́lọ́jì:
Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí ó wọ̀ mí lọ́kàn. Ẹ wo ojú ara yín nínú dígí. Awọ tó bo iwájú ẹyinjú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan. Ìpéǹpéjú ní, funfun ojú ní, ibẹ̀ nìkan ni kò ní. VEGF sì wà níbẹ̀ o! Ní 2006, Jayakrishna Ambati àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé sFlt-1 ló kún ibẹ̀, tó di VEGF ọ̀hún mú. Wọ́n mú sFlt-1 kúrò lójú eku, iṣan sì wọ inú awọ náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá lọ wo ẹranko inú omi kan tí wọ́n ń pè ní manatee. Irú rẹ̀ kan wà nínú odò àti ọ̀sà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tiwa níbí. Òun nìkan ni ẹranko tí a mọ̀ tí gbogbo irú rẹ̀ ní iṣan nínú awọ iwájú ojú. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò: kò sí sFlt-1 níbẹ̀. Wọ́n wo dugong tó jẹ́ ìbátan rẹ̀, wọ́n wo erin tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ lórí ilẹ̀, wọ́n wo àbùùbùtán: gbogbo wọn ní sFlt-1, ojú gbogbo wọn mọ́. Àwọn ènìyàn tí jíìnì PAX6 wọn ní àbùkù, tí a bí láìní òrùka aláwọ̀ inú ẹyinjú, iṣan a máa wọ iwájú ojú tiwọn náà, wọn kì í sì í ní sFlt-1 tó tó níbẹ̀.

Mo ti ka ìwé púpọ̀ tó ń sọ pé ohun kan wúlò fún ohun kan. Kò wọ́pọ̀ kí ẹ̀rí rẹ̀ dúró lára erin àti manatee báyìí.

Agbẹ̀bíÌlọrin:
Mo ti ka gbogbo rẹ̀ tán, ó kàn mí wàyí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ìyàwó, àbúrò tàbí ọmọ tó lóyún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka ibí yìí dáadáa. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní pre-eclampsia, tó máa ń mú aláboyún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20. Ẹ̀jẹ̀ á ru, purotéènì á máa jò sínú ìtọ̀, ojú àti ọwọ́ lè wú. Orí fífọ́ tí kò gbóògùn, ojú ṣíṣú, ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún: ẹni tó bá rí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí kò gbọ́dọ̀ sùn sílé. Tí a kò bá tètè mú un, ó máa ń di gìrì. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gbé lọ sílé àdúrà nígbà tí gìrì dé, tí wọ́n tó gbé wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ó ń pa ìyá, ó ń pa ọmọ, ó sì wà lára ohun tó ń pa abiyamọ jù ní Nàìjíríà.

Ọjọ́ pẹ́ tí a ti mọ̀ pé ibi ọmọ ni orísun rẹ̀, torí pé bí ọmọ àti ibi bá ti jáde, ara obìnrin náà á bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ohun tí ibi ń tú jáde ni a ò mọ̀. Ní 2003, Sharon Maynard àti Ananth Karumanchi ní Boston rí i pé sFlt-1 ni. Nínú irú oyún bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibi dáadáa, ibi á sì máa da sFlt-1 sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣan ìyá fúnra rẹ̀ nílò VEGF díẹ̀ kó tó lè dúró dáadáa. Asẹ́ inú kíndìnrín nílò rẹ̀ jù. sFlt-1 á gbà á lọ́wọ́ wọn. Ni kíndìnrín bá ń jò, ni iṣan bá ń fún, ni ẹ̀jẹ̀ bá ń ru. Wọ́n fi jíìnì sFlt-1 sára eku ńlá, tó lóyún àti èyí tí kò lóyún, ẹ̀jẹ̀ gbogbo wọn ru, purotéènì sì jò sínú ìtọ̀ wọn. Ohun tí ọlẹ̀ fi ń kó iṣan níjàánu ló wá ń dí ìyá lọ́nà.

Ẹ̀rí mìíràn tó dá mi lójú: oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní Avastin, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2004, VEGF ló ń dì mú. Kí ni ó máa ń ṣe fún àwọn kan tó ń lò ó? Ẹ̀jẹ̀ ríru, àti purotéènì nínú ìtọ̀.

Ní 2004, wọ́n fi hàn pé sFlt-1 ti máa ń gòkè nínú ẹ̀jẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ 5 kí àmì àìsàn náà tó yọ. Ìyẹn ni wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò tuntun: wọ́n ń wọn sFlt-1, wọ́n ń wọn purotéènì kejì tí wọ́n ń pè ní PlGF, wọ́n á fi iye PlGF pín iye sFlt-1. Ìwádìí 2016 fi hàn pé bí èsì bá jẹ́ 38 tàbí kó kéré sí i, àìsàn náà kò jọ pé ó máa yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà yẹn. Ní 2023, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí irú àyẹ̀wò náà.

Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò tíì sí. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ àti pépà tí a ń tì bọ inú ìtọ̀ ni a ní, ẹ má sì fojú kéré wọn. Èyí tó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́ jù ni pé obìnrin á forúkọ sílẹ̀ ní oṣù kẹta, a ò sì ní rí i mọ́ títí di ọjọ́ ìrọbí. Fún gìrì, magnesium sulphate ni abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ìwádìí kan tó kó obìnrin tó lé ní 10,000 jọ láti orílẹ̀-èdè 33, tí wọ́n gbé jáde ní 2002, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù sí nǹkan bí ìdajì. Kò wọ́n. Ó yẹ kó wà ní gbogbo ibi tí obìnrin ti ń bímọ.

ẸnjiníàṢàgámù:
Mà, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti fi èyí ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje.

Agbẹ̀bíÌlọrin:
Ẹ bá mi sọ fún un kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kó má dúró de ọjọ́ klíníìkì. Kó gbé ìtọ̀ dání.

ApòògùnNíIfẹ̀:
Ṣé thalidomide kò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí? Jámánì ló ti jáde ní 1957 gẹ́gẹ́ bí oògùn oorun, àwọn aláboyún sì lò ó fún èébì òwúrọ̀. Ó lé ní 10,000 ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù, ọ̀pọ̀ nínú wọn láìní apá tàbí ẹsẹ̀ tó pé, kí wọ́n tó kó o kúrò lọ́jà ní ìparí 1961. Wọ́n kọ́ wa pé ó ń dá iṣan dúró.

OníwàdìíẸja:
Ó wọ inú rẹ̀. Ní 1994, ilé ìwádìí Judah Folkman ní Boston fi hàn pé ó ń dí híhù iṣan lọ́wọ́. Ní 2009, ẹgbẹ́ Neil Vargesson ní Aberdeen fi oògùn tó jọ ọ́ sára ọlẹ̀ adìyẹ: àwọn iṣan tí kò tíì gbó ló bàjẹ́, apá tó ń hù lọ́wọ́ kò sì hù dáadáa. Ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí a fi gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ lé iṣan lórí. Ní 2010, àwọn ará Japan rí purotéènì tí thalidomide ń lẹ̀ mọ́, cereblon. Ní 2018 ó hàn pé ìyẹn ń mú kí ara ba purotéènì mìíràn jẹ́, SALL4. Ẹni tó bá jogún àbùkù SALL4 lè ní irú apá bẹ́ẹ̀ láìtíì rí thalidomide rí. Ọ̀nà méjèèjì ni mo fi ń wò ó.

BàbáÌbejì:
Ẹ̀yin ẹni iyì, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Àwọn ìbejì mi kò tọ́jọ́, wọn ò pé oṣù méje rárá. Wọ́n wà nínú inkubétọ̀, wọ́n ń fún wọn ní ọ́síjìn. A dúpẹ́, wọ́n ti ń mu ọmú. Dókítà wá ní kí a gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò ojú. Ìyá ìyàwó mi ní ojú àwọn ọmọ mọ́ kedere, wọ́n ń tẹ̀ lé iná, kí la fẹ́ lọ ṣe? Owó náà kò sì sí nílẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ iṣan tí ẹ ń sọ yìí kan ojú wọn?

DókítàOjú:
Ó kàn án gan-an, sà. Ẹ kú ewu ọmọ, ẹ̀dùmàrè á wò wọ́n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé wọn lọ.

Awọ tó wà ní ẹ̀yìn inú ẹyinjú, tó ń gba àwòrán, ni a ń pè ní rẹ́tínà. Iṣan rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 oyún láti àárín, á máa lọ sí etí, kì í sì í dé etí tán títí oyún á fi fẹ́ pé. Inú ilé ọmọ, ọ́síjìn kò pọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí VEGF wà níwọ̀n tó ń fa iṣan lọ díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí kò tọ́jọ́ ti jáde sínú afẹ́fẹ́, a sì tún fi ọ́síjìn kún un kó má bàa kú. VEGF á lọ sílẹ̀, iṣan á dúró láàárín ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà, rẹ́tínà ti ń dàgbà, etí rẹ̀ tí kò níṣan ń wá ọ́síjìn. VEGF á wá ya wọlé, á pọ̀ ju ohun tí ìjánu lè mú lọ. Iṣan tó bá hù nígbà yẹn kì í tẹ́ sórí rẹ́tínà mọ́, á yọ sókè, á máa ṣẹ̀jẹ̀, á dá àpá, àpá náà á sì fa rẹ́tínà kúrò ní ipò rẹ̀. Ojú ti fọ́ nìyẹn.

Láàárín 1940 sí 1955, ọ̀pọ̀ ọmọ ló fọ́jú báyìí ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ́síjìn tí wọn ò wọ̀n ló fà á. Olórin Stevie Wonder, tí wọ́n bí ní 1950, wà lára wọn.

Ohun tí ìyá ìyàwó yín ń wò ni iwájú ojú. Ọmọ lè máa tẹ̀ lé iná nígbà tí wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ ní etí rẹ́tínà. Irú ọmọ tiyín, ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn ìbí ni a máa ń kọ́kọ́ wo ojú wọn, a ó sì máa wò ó lemọ́lemọ́ títí iṣan á fi dé etí. Púpọ̀ nínú wọn kì í nílò ìtọ́jú kankan. Èyí tó bá nílò rẹ̀, a gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín ọjọ́ 3. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọwọ́ lè má tó o mọ́.

BàbáÌbejì:
Mo dúpẹ́ púpọ̀, Dókítà. A ó yá owó náà. Bó bá wá jẹ́ pé wọ́n nílò ìtọ́jú, kí ni wọ́n máa ṣe fún wọn?

DókítàOjú:
Ọ̀nà méjì ló wà. Lésà ni ti tẹ́lẹ̀: a ó fi sun etí rẹ́tínà tí kò níṣan, kó má bàa máa pe VEGF mọ́. Èkejì ni abẹ́rẹ́ tó ń di VEGF mú nínú ẹyinjú. Avastin tí Ìyá Agbẹ̀bí dárúkọ yẹn wà lára wọn. Ìwádìí BEAT-ROP ní 2011 fi hàn pé ó dára gan-an fún irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ nítòsí àárín rẹ́tínà.

Ohun tí ẹ máa bi dókítà yín ni ìwọ̀n oògùn. Abẹ́rẹ́ ojú kì í dúró lójú nìkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀, ó sì lè mú VEGF lọ sílẹ̀ nínú ara ọmọ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Ẹ̀dọ̀fóró, kíndìnrín àti ọpọlọ ọmọ tí kò tọ́jọ́ ṣì ń dàgbà, VEGF ni wọ́n sì ń lò. Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ìwọ̀n tó kéré jù tó ṣì máa ṣiṣẹ́. 0.625 mg ni BEAT-ROP lò. Ní 2017 ẹgbẹ́ ìwádìí PEDIG dán an wò títí dé 0.031 mg, ó sì ṣiṣẹ́ fún àwọn ọmọ tí wọ́n fún.

Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́ ni wọ́n fún wọn, ẹ má ṣe dá àyẹ̀wò dúró nítorí pé ojú ti dára. Iṣan burúkú náà lè padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ kó tó padà ju ti lésà lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọjọ́ tó kàn sínú káàdì àwọn ọmọ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.